Ẹ̀gbà Ọwọ́ Áńgẹ́lì

Ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà ni Àrìnkẹ́ jẹ ẹbí wa, ó sì ní òun kò ní san. Èmi Philemon ni akápò ẹbí. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo gun ọ̀kadà láti Okitipupa lọ sí Ìkọ̀yà nítorí owó yìí, ẹgbẹ̀fà náírà ni àlọ àti àbọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tó bá mọ ìṣirò yóò rí i pé owó ọ̀kadà ti ń sáré bá owó gbèsè, kò sì sí ẹni tó máa dá a padà fún mi.

Owó kàlẹ́ńdà ni. Ẹbí Lucas fẹ́ tẹ kàlẹ́ńdà ọdún tó ń bọ̀, kí àwòrán Bàbá Lucas, ẹni tó bí bàbá mi, wà láàárín rẹ̀ gbàgàdà. Olórí ilé mẹ́rìnlélógún ni a dá owó lé lórí, ọ̀kẹ́ mẹ́fà náírà lápapọ̀. Gbogbo wọn ló ti san, àfi Àrìnkẹ́.

Ọmọ ọmọ Jẹ́jẹ́lọlá ni Àrìnkẹ́, Jẹ́jẹ́lọlá sì ni ẹ̀gbọ́n Bàbá Lucas lóbìnrin. Orúkọ yẹn nìkan la mọ̀ nípa ìyá náà, nítorí ó ti kú kí wọ́n tó bí bàbá mi. Àrìnkẹ́ lọ sílé ọkọ ní Erinje, ó bímọ mẹ́ta, ọkọ kú, ó kó ẹrù rẹ̀ padà sí Ìkọ̀yà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe pupuru tà. Láti ọjọ́ náà ló ti ń wá sí ìpàdé ẹbí. Àwọn àbúrò rẹ̀ àti àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ kì í wá. Wọ́n ní kò sí ẹni tiwọn lára ògiri ibẹ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ Àrìnkẹ́, ẹ lọ bá a nídìí iná. Yóò ti rẹ gbágùúdá, yóò ti fún omi rẹ̀ gbẹ, yóò ti mọ ọ́n róbótó róbótó, yóò wá tò ó sórí pẹpẹ lókè iná títí ẹ̀yìn rẹ̀ yóò fi dúdú bí ìdí ìkòkò. Ha ẹ̀yìn dúdú yẹn kúrò, inú rẹ̀ á funfun bí òwú. Èéfín ti wọ Àrìnkẹ́ lára débi pé bó bá wọ sùtánà funfun rẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Ìsinmi, ebi á ti máa pa àwọn tó jókòó sẹ́yìn rẹ̀ kí ìwàásù tó bẹ̀rẹ̀. Ẹgbẹ̀ta náírà ló ń ta pupuru kan. Èmi a máa ná an sí ẹẹ́dẹ́gbẹ̀ta. A máa gbà, lẹ́yìn tó bá bú mi tán.

Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kẹta, kò tilẹ̀ gbé ojú sókè.

“Bùrọ̀dá Philemon, ẹ tún ti dé.”

“Owó ló gbé mi dé.”

“Ọ̀kadà ló gbé yín dé. Owó ṣì wà lọ́wọ́ mi. Kàlẹ́ńdà yìí, ta ni yóò wà lórí rẹ̀?”

“Bàbá Lucas.”

“Ta tún ni?”

“Bàbá Olúyọmí, olórí ẹbí. Àti àwa ìgbìmọ̀.”

“Ẹ̀yin ìgbìmọ̀, obìnrin mélòó ló wà nínú yín?”

Mo ka gbogbo wa lọ́kàn mi. Irùngbọ̀n ni mo ń kà títí mo fi kà á tán.

“Ẹ ṣeun. Àbí Bàbá Lucas ló bí ara rẹ̀ ni? Ṣé ó kàn hù ní ẹ̀yìnkùlé bí olú ni?”

“Àrìnkẹ́, ìpàdé ló pinnu rẹ̀: òkú tí kò bá ní fọ́tò kò lè wà lórí kàlẹ́ńdà. A kò lè tẹ òfìfo. Mú fọ́tò Jẹ́jẹ́lọlá wá, a ó lẹ̀ ẹ́.”

Ìgbà yẹn ló tó gbé ojú sókè. “Ìyá mi wá fọ́tò yẹn títí ó fi kú. Ọmọ ọdún méjì ni nígbà tí ìyá rẹ̀ kú. Bó bá ń wo dígí, á fọwọ́ kan imú ara rẹ̀, á ní, ‘Bóyá imú rẹ̀ nìyí, Àrìnkẹ́. Bóyá òun kọ́ ni.’ Ìyá mi kú láìmọ ojú ìyá rẹ̀. Mi ò ní fowó mi ra kàlẹ́ńdà tí Jẹ́jẹ́lọlá kò ní sí níbẹ̀. Ẹ jókòó, ẹ jẹ pupuru. Ọ̀fẹ́ ni.”

Mo jẹ ẹ́. Ẹgbẹ̀ta náírà kì í ṣe ohun à ń jù nù.

Bí mo ṣe ń jẹun lọ́wọ́ ni Láyí tó fẹ́ bá wa tẹ kàlẹ́ńdà pè mí láti Okitipupa. Ó ní àwòrán Bàbá Lucas tí mo fi fóònù yà ránṣẹ́ kò dára, pé dígí férémù ń dán yànrànyànràn lójú Bàbá. Ó ní kí a tú u kúrò nínú férémù, tàbí kí òun wá tú u fúnra òun, ẹgbẹ̀rún mẹ́ta náírà. Mo ní kó má yọ ara rẹ̀ lẹ́nu. Mo yá ọ̀bẹ lọ́wọ́ Àrìnkẹ́, mo sì gba ilé ẹbí lọ. Ó tẹ̀ lé mi. Ó ní ọ̀bẹ òun ni òun ń tẹ̀ lé.

Àwòrán yìí ni ọlá ilé wa. Bàbá Lucas jókòó sórí àga, ó dé fìlà, ojú rẹ̀ là rekete. Lórí èjìká rẹ̀ ọ̀tún ni ọwọ́ kan wà. Ọwọ́ lásán ni o! Etí férémù gé e níbi ọrùn ọwọ́, kò sí apá, kò sí ẹnì kankan lẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n ní wòlíì àlejò kan ló kọ́kọ́ rí i láyé ìgbà kan, tó wólẹ̀ gbì, tó kígbe pé ọwọ́ áńgẹ́lì nìyí. Láti ìgbà náà, abẹ́ àwòrán yẹn ni a ti máa ń gbàdúrà ìkórè lọ́dọọdún. Àwọn tó ń wá ọmọ a máa wá fọwọ́ kan férémù náà. Ohun tí a sì fẹ́ kọ sórí kàlẹ́ńdà ni: *Ọwọ́ Áńgẹ́lì Ń Bẹ Lára Wa*.

Àrìnkẹ́ nìkan ló ti bi ìbéèrè nípa rẹ̀ rí. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni nígbà náà. Ó naró ní ọjọ́ ìkórè, ó wo àwòrán náà dáadáa, ó sì bi gbogbo ilé pé, “Ṣé àwọn áńgẹ́lì máa ń wọ ẹ̀gbà ọwọ́?” Bùrọ̀dá Olúyọmí, tó jẹ́ géńdé nígbà yẹn, gbá a létí. Ìbéèrè náà parí síbẹ̀.

Bàbá Olúyọmí náà la bá nínú pálọ̀. Ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún báyìí, àgbà ìjọ ni. Mo ṣàlàyé ohun tí Láyí wí. Ó gbàdúrà kúkúrú lórí ọ̀bẹ. Mo yọ ìṣó ẹ̀yìn férémù náà lọ́kọ̀ọ̀kan, mo tò wọ́n sínú àpò mi, nítorí wọ́n ṣì dára.

Nígbà tí mo fa fọ́tò yọ, ó nípọn ju bó ṣe yẹ lọ.

“Kí ló dé tó nípọn báyìí?” ni mo wí.

Àrìnkẹ́ yọ ojú láti ẹ̀yìn mi. “Wọ́n ṣẹ́ ẹ po ni. Ẹ wò ó. Ìdajì rẹ̀ wà lẹ́yìn.”

“Má ṣí i!” Bàbá Olúyọmí dìde. “Philemon, má ṣí i. Àwọn bàbá wa kò ṣí i.”

“Àwọn bàbá wa kò ra férémù tó tó ni,” Àrìnkẹ́ dá a lóhùn.

Mo gbìyànjú láti ṣí i, ó dún *kà* bí awọ gbígbẹ. Mo dáwọ́ dúró. Àrìnkẹ́ gbà á lọ́wọ́ mi. Ó bu omi sí ìkòkò, ó gbé e kaná, nígbà tí ooru bẹ̀rẹ̀ sí í rú, ó na fọ́tò náà sí ojú ooru jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ bí ẹni tó ń fi iná wọ́ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ kó má bàa ya. Bàbá Olúyọmí ń ka Sáàmù. Kí ó tó ka èkejì tán, fọ́tò náà ti là bí ìwé.

Ìlà funfun kan gba àárín rẹ̀ kọjá níbi tí wọ́n ti ṣẹ́ ẹ. Ní apá kan ìlà náà, Bàbá Lucas tí a mọ̀. Ní apá kejì, ọwọ́ áńgẹ́lì ti ní apá, apá ti ní ara, ara náà sì jẹ́ ti obìnrin gìrìwò kan tó dúró tí Bàbá Lucas, tó wé gèlè, tí ẹ̀gbà ọwọ́ rẹ̀ ń dán. Ìyá arúgbó kan jókòó sórí àga ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ọmọdébìnrin kan wà lẹ́sẹ̀ arúgbó náà, ó la ẹnu sílẹ̀.

Àrìnkẹ́ wò ó, ó wò ó. Nígbà tó ṣe, ó sọ ọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ kò sì le bíi ti tẹ́lẹ̀.

“Áńgẹ́lì náà nìyí. Ó wọ ẹ̀gbà.” Ó yíjú sí Bàbá Olúyọmí. “Bàbá, ìgbátí ọjọ́sí yẹn, níbo ni mo ti máa gbà á padà?”

Ẹ̀rín ń pa mí, ṣùgbọ́n mi ò jẹ́ kó jáde. Bàbá Olúyọmí jókòó padà. Ó ní ta ló mọ̀ bóyá ìyàwó ayàwòrán ni, ta ló mọ̀ bóyá aládùúgbò ni. Ó ní a kò lè fi ẹni tí a kò mọ̀ sórí kàlẹ́ńdà nítorí ẹ̀gbà. Mo gbà pé òótọ́ ni. Àmọ́ òun náà ló tún na ìka sí ọmọdé inú fọ́tò: “Ọmọdé wo ló wà nínú ilé yìí nígbà náà? Àfi Susan, àbúrò ìyàwó Bàbá Lucas, tó wá ń gbé lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Òun nìyẹn ní Àyèká níbi tí wọ́n fẹ́ ẹ sí.”

“Ó ṣì wà láyé?” ni mo bi í.

“Ó bú mi ní ọjà lóṣù tó kọjá.”

Ọ̀kadà méjì la gùn lọ sí Àyèká, èmi ni mo san méjèèjì. Àrìnkẹ́ ní iṣẹ́ akápò nìyẹn. Ó di fọ́tò náà mọ́ àyà láti Ìkọ̀yà títí a fi débẹ̀.

A bá Iye Susan, bí wọ́n ṣe ń pe ìyá níbẹ̀, lábẹ́ igi lójúde, ó ń fọ́ èkùrọ́. Ó ti tó ẹni àádọ́rùn-ún ọdún, eyín méjì ló kù lẹ́nu rẹ̀, àwọn méjèèjì sì ń ṣiṣẹ́. Kò gbà kí a mú fọ́tò náà sún mọ́ òun. Ó ní kí Àrìnkẹ́ lọ dúró sí ọ̀ọ́kán, kó gbé e sókè, pé ọ̀nà jíjìn lojú òun ń rí.

Àrìnkẹ́ gbé e sókè sí ẹ̀gbẹ́ ojú ara rẹ̀.

“Háà,” ni Iye Susan wí. Ó sọ òkúta tó fi ń fọ́ èkùrọ́ sílẹ̀. “Jẹ́jẹ́lọlá!” Ó tún wò ó. “Méjì ni mò ń rí. Ìwọ tó gbé e dání, ọma ọma rẹ̀ ni ẹ́. Imú kan náà ni.”

Àrìnkẹ́ gbé ọwọ́ òsì, ó fi kan imú rẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ mọ̀ bóyá ó ṣì wà níbẹ̀. Èmi náà wo èkùrọ́ ilẹ̀ fún ìgbà díẹ̀.

Mo wá bi í pé, “Iye, ta ni èyí tó jókòó?”

“Morónkẹ́. Ìyá Lucas, ìyá Jẹ́jẹ́lọlá. Òun ló bí gbogbo yín, ẹ ò wá mọ̀ ọ́n? Èmi sì nìyẹn nílẹ̀, ebi ń pa mí.”

“A rò pé ọwọ́ áńgẹ́lì ni ọwọ́ tó wà léjìká Bàbá Lucas.”

Ìyá náà rẹ́rìn-ín títí ọ̀kan nínú eyín méjèèjì fi fẹ́ jáde. “Áńgẹ́lì kẹ̀! Ẹ̀rù ló ń ba Lucas! Nígbà tí ayàwòrán fi aṣọ dúdú borí lẹ́yìn ẹ̀rọ rẹ̀, Lucas ní ẹnikẹ́ni tó bá borí báyìí, ìbọn ló fẹ́ yìn. Ó dìde, ó fẹ́ sá gba inú oko. Jẹ́jẹ́lọlá gbá a mú léjìká, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ àga. Ó ní, ‘Bí o bá mira, màá fi iná jó ẹ bíi pupuru.’ Ẹ wo èjìká ẹ̀wù yẹn bó ṣe rún!”

A wò ó. Ó rún lóòótọ́, ó rún bí aṣọ tí ọmọ ajá jẹ. Láti ọdún gbọ́ọrọ wá la ti ń gbàdúrà ìkórè lábẹ́ ẹ̀wù rírún náà. Ojú Bàbá Lucas tó là rekete, tí àwọn àgbà ìjọ ń wí pé ó ń wo ògo, ọ̀nà oko ló ń wò.

“Ta ló wá ṣẹ́ fọ́tò náà po?” ni Àrìnkẹ́ bi í.

“Lucas fúnra rẹ̀. Ó ní férémù tí ṣọ́ọ̀ṣì fún un lọ́fẹ̀ẹ́ kò tóbi tó.” Iye Susan mi orí. “Irọ́ ni. Jẹ́jẹ́lọlá ló san owó fọ́tò, ṣílè méje àti sísì, owó pupuru rẹ̀. Kọ́bọ̀ kan ni wọ́n ń ta pupuru kan nígbà náà. Lucas ní bí òun bá ta ẹyìn òun, òun yóò dá gbogbo rẹ̀ padà. Kí ẹyìn tó pọ́n, Jẹ́jẹ́lọlá kú. Ìwọ sọ fún mi, ta ni í gbé àwòrán ẹni tó jẹ lówó kọ́ sára ògiri?”

Ó gbé òkúta rẹ̀, ó fọ́ èkùrọ́ kan, ó tún sọ ọ́ sílẹ̀. “Ẹkún náà wà níbẹ̀ o. Bó bá wò ó, á sunkún. Ẹkún àti gbèsè, ó ṣẹ́ méjèèjì po lẹ́ẹ̀kan náà. Nígbà tí wòlíì wá kígbe áńgẹ́lì, Lucas wò mí, èmi náà wò ó. Mo dákẹ́. Ta ló bi mí?”

Ní ọjọ́ Ìsinmi, lẹ́yìn ìsìn, ìpàdé ẹbí pé. Fọ́tò náà lọ láti ọwọ́ dé ọwọ́. Àwọn kan rẹ́rìn-ín, àwọn kan bínú pé wọ́n ti fi ìdí áńgẹ́lì wọn hàn. Bàbá Olúyọmí gbà pé Jẹ́jẹ́lọlá ni, ṣùgbọ́n ó ní ó ti pẹ́ jù. Fọ́tò náà ti fẹ̀, kàlẹ́ńdà náà gbọ́dọ̀ fẹ̀. Láyí sì ti ní bébà fífẹ̀ yóò fi ọ̀kẹ́ méjì náírà lé owó tẹ́lẹ̀. Ta ni yóò san án? Gbogbo ojú yí sọ́dọ̀ mi.

Ẹ má bínú, èmi kì í fi owó ẹbí ṣe àánú. Mo ti la ẹnu láti sọ pé kò ṣeé ṣe. Àrìnkẹ́ ń wò mí láti ẹ̀yìn, ó ká ọwọ́ mọ́ra, kò bẹ̀ mí. Ó kàn ní, “Ẹ kà wá, Bùrọ̀dá. Àwọn ọmọ ọmọ Jẹ́jẹ́lọlá yòókù tí kì í wá sí ìpàdé, ẹ kà wọ́n.”

Mo kà wọ́n. Olórí ilé mẹ́ta ní Ìkọ̀yà, márùn-ún ní Erinje. Mẹ́jọ. Ẹgbẹ̀rún márùn-ún lọ́nà mẹ́jọ, ọ̀kẹ́ méjì géérégé.

“Wọn yóò san?”

“Bí ìyá wọn bá wà lára ògiri, wọn yóò san kí ilẹ̀ ọ̀la tó ṣú.”

Mo dìde. Mo ní Ọlọ́run tóbi. Mo ní ẹbí tó bá fi ìyá rẹ̀ sílẹ̀ ń pàdánù owó lọ́dọọdún, pé bí a bá tilẹ̀ tún rí ìyá méjì mìíràn, a lè kan páànù sórí ilé yìí. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Bàbá Olúyọmí wá bèèrè ohun tó kù: kí la ó ṣe sí ọ̀rọ̀ áńgẹ́lì tí Láyí ti tò sílẹ̀?

“Ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀,” Àrìnkẹ́ wí. “Ẹni tí kò jẹ́ kí bàbá yín sá wọ oko, iṣẹ́ áńgẹ́lì ló ṣe.”

Bàbá Olúyọmí ronú, ó ní àmín. Inú mi dùn, nítorí Láyí ì bá gba owó ìyípadà.

Wọ́n tú ká. Mo dá Àrìnkẹ́ dúró lẹ́nu ọ̀nà. “Ó ku ẹgbẹ̀rún márùn-ún tìrẹ.”

“Òótọ́ ni. Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò.” Ó jókòó. Ẹ̀rù bà mí, nítorí mi ò tíì rí i kó jókòó láti san owó rí. “Bàbá bàbá yín jẹ ìyá ìyá mi ní ṣílè méje àti sísì. Kọ́bọ̀ mélòó nìyẹn?”

“Àádọ́rùn-ún.” Ó ti jáde lẹ́nu mi kí n tó rántí ibi tó ń lọ.

“Pupuru àádọ́rùn-ún. Ẹgbẹ̀ta náírà ni mò ń ta ọ̀kan. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀, ẹ̀yin lẹ kàwé ìṣirò.”

Ẹgbẹ̀rún mẹ́rìnléláàádọ́ta náírà ni. Mi ò sọ ọ́ síta, ṣùgbọ́n ó rí i lójú mi.

“Ẹ yọ ẹgbẹ̀rún márùn-ún tí mo jẹ kúrò níbẹ̀. Ìyókù ńkọ́, Bùrọ̀dá? Ṣé kí n wá sí Okitipupa wá gbà á? Èmi náà lè gun ọ̀kadà lẹ́ẹ̀mẹta.”

Mo ní gbèsè òkú kò ṣeé gbà lọ́wọ́ ọmọ ọmọ. Ó ní ilé òkú ńkọ́, ṣé ọmọ ọmọ kì í jogún rẹ̀? Mo ní owó ayé àtijọ́ kì í ṣe owó òde òní. Ó ní pupuru ayé àtijọ́ kì í ṣe pupuru òde òní ni? Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì. Mo yọ ẹgbẹ̀rún márùn-ún láti inú àpò èmi fúnra mi, mo fi sínú owó ẹbí, mo sì kọ *ó ti san* sí iwájú orúkọ Àrìnkẹ́.

“Ìyókù,” ó wí, “màá fi ji Bàbá Lucas, nítorí ẹkún tó sun. Ṣùgbọ́n ẹ ò ní ná pupuru mi mọ́ láé.”

Kàlẹ́ńdà ti jáde. Ó fẹ̀, ó dára, Morónkẹ́ wà níbẹ̀, Jẹ́jẹ́lọlá wà níbẹ̀, Susan la ẹnu sílẹ̀. Àrìnkẹ́ gbé tirẹ̀ kọ́ sí ìdí iná, èéfín sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ oṣù January di pupa. Mo yà níbẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá láti ra pupuru mẹ́ta, mo sì jókòó sórí àga ìdí iná. Mo wo pupuru, mo wo owó ọwọ́ mi, ẹnu mi sì là fúnra rẹ̀ láti sọ pé ẹẹ́dẹ́gbẹ̀ta.

Àrìnkẹ́ na ọwọ́, ó gbé e lé mi léjìká, ó sì tẹ̀ mí mọ́ àga.

Mo san ẹgbẹ̀ta.